Bí ogun ṣe ń wá orílẹ̀-èdè tí kò dá sí i délé: ọ̀rọ̀ Bràsíl, 1939 sí 1942

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun lórí Jámánì ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ọjọ́ náà gan-an ni Nàìjíríà wọ ogun. Ẹnikẹ́ni ò bi ọba tàbí ará ìlú léèrè. Ìlú Ọba ló ń ṣàkóso, Ìlú Ọba ló ní ogun dé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí àwọn bàbá wa ṣe bá ara wọn nínú ogun Hítílà nìyẹn. Bóyá òun ló jẹ́ kó ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú wa láti lóye ọ̀nà kejì tí ogun ń gbà mú èèyàn: ti orílẹ̀-èdè tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni, tó ní ààrẹ àti ọmọ ogun tirẹ̀, tó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, àmọ́ tí ogun ṣì wá a délé.

Bràsíl ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ kò gùn: Jámánì ri ọkọ̀ wọn, inú bí wọn, wọ́n sì kéde ogun. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí ìtàn nìkan ni. Ìkéde ogun ló máa ń kẹ́yìn. Kí ààrẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ọjà ti fa orílẹ̀-èdè náà sí apá kan, ilẹ̀ rẹ̀ ti wúlò fún ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ, ó ti gba owó, ó ti fúnni láyè, ẹni tí kò rí àyè gbà sì ti kà á mọ́ ọ̀tá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ọjọ́ tí ọkọ̀ rì kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ri ọkọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àìdásí ogun jẹ́ lójú òfin, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Lọ́dún 1907, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní ìlú The Hague lórí ohun tó tọ́ sí ẹni tí kò bá dá sí ìjà, àti ohun tó di dandan fún un. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ ogun ẹnikẹ́ni gba ilẹ̀ òun kọjá. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ èbúté òun di ibùdó ogun. Ohun tó bá fi du apá ọ̀tún, kó fi du apá òsì. Bó bá pa gbogbo èyí mọ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò sọ pé kí oníṣòwò rẹ̀ má tajà. Ó lè tà fún àwọn méjèèjì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òfin kan náà gba àwọn tó ń jà láyè láti dá ọkọ̀ dúró lójú òkun, kí wọ́n tú ẹrù rẹ̀ wò, kí wọ́n sì gba èyí tó bá máa ran ọ̀tá lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí kò dá sí ìjà lè tajà fún ẹni tó bá wù ú lórí ìwé, ṣùgbọ́n lójú òkun, ẹni tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ pọ̀ jù lọ ló ń yan oníbàárà fún un.

Àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti àríwá dé gúúsù, mọ̀ pé òkun ni ewu ti máa dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1939, wọ́n pàdé ní Panama, wọ́n sì fa ìlà kan sójú omi, nǹkan bíi 300 máìlì òkun sí etí ilẹ̀ wọn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jà nínú rẹ̀. Oṣù méjì lé díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní Graf Spee àti ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ń yìnbọn síra wọn nítòsí Uruguay, nínú ìlà yẹn gan-an. Ìlà tí kò sí ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ ọ kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró.

Báwo ni Bràsíl fúnra rẹ̀ ṣe rí nígbà yẹn? Getúlio Vargas ló ń ṣe ìjọba. Ọdún 1930 ló gorí àlééfà, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 1937, ó tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, ó fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú, ó sì ń nìkan ṣàkóso. Nínú ìṣesí, ìjọba rẹ̀ jọ ti àwọn tó ń ṣe bí ọba aláṣẹ ní Yúróòpù ju bó ṣe jọ ti Amẹ́ríkà lọ. Ọ̀gágun Eurico Gaspar Dutra tó jẹ́ mínísítà ogun, àti ọ̀gágun Góis Monteiro tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀gá ológun, kò fi bò pé iṣẹ́ ọwọ́ ológun Jámánì wú àwọn lórí. Oswaldo Aranha, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló wà ní òdìkejì. Ó ti ṣe aṣojú ìjọba rẹ̀ ní Washington rí, ó sì gbà pé Amẹ́ríkà ni kí Bràsíl fara mọ́. Vargas jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, kò sì yára sọ ibi tí ọkàn òun wà.

Ọjà Jámánì náà kì í ṣe kékeré. Láàárín ọdún 1934 sí 1939, Jámánì ń ra òwú àti kọfí Bràsíl lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n kì í san owó tó ṣeé ná níbòmíràn. Ohun tó ń san ni àkọsílẹ̀ owó tó jẹ́ pé ọjà Jámánì nìkan lèèyàn lè fi rà. Bí òwú ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ Jámánì ń wọlé. Lọ́dún 1938, ìjọba bá iléeṣẹ́ Krupp ṣe àdéhùn ìbọn ńláńlá fún àwọn ọmọ ogun. Lápá gúúsù, àwọn ìlú wà tó jẹ́ pé èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nílé, níléèwé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ti Ítálì àti Japan wá pẹ̀lú wà lọ́pọ̀ yanturu ní São Paulo.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ogun kan Bràsíl kì í ṣe Jámánì rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dí òkun mọ́ Jámánì, nígbà tí ọkọ̀ Siqueira Campos sì gbéra ní Lisbon ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940 pẹ̀lú ìbọn tí Bràsíl ti rà lọ́wọ́ Jámánì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró lójú òkun, wọ́n sì mú un. Inú bí àwọn ọ̀gágun ní Rio de Janeiro, olú ìlú Bràsíl nígbà náà, gidigidi. Ìbọn tiwa, owó tiwa, ọkọ̀ tiwa, kí ló kan Gẹ̀ẹ́sì? Amẹ́ríkà ló bá wọn bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó tú ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi ọ̀gágun Bràsíl léèrè lọ́jọ́ náà pé ta ló ń fojú di orílẹ̀-èdè rẹ̀, orúkọ Hitler kọ́ ni ì bá kọ́kọ́ dárúkọ.

Vargas rí i pé àwọn méjèèjì nílò òun, ó sì ń fi ìyẹn dúnàádúrà. Ohun tó ń wá ni iléeṣẹ́ irin ńlá tí Bràsíl fi máa bọ́ lọ́wọ́ kíkó kọfí jáde kí wọ́n tó rí irin rà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1940, nígbà tí Faransé ti fẹ́ ṣubú, ó dúró nínú ọkọ̀ ogun Minas Gerais, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó dún bíi pé ayé tuntun tí àwọn alágbára ń kọ́ kò burú lójú òun. Àyà Washington já. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, báńkì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí káràkátà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè gbà láti yá Bràsíl ní 20 mílíọ̀nù dọ́là fún iléeṣẹ́ irin tí wọ́n wá kọ́ sí Volta Redonda. Lójú tèmi, ìgbà yìí ni àìdásí Bràsíl kọ́kọ́ fì sí apá kan, ó ku ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó kéde ogun. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ń kọ́ ilé fún ọ ti ní ohùn nínú ilé náà.

Èyí tó tún lágbára ju owó lọ ni ibi tí Bràsíl wà lórí ilẹ̀ ayé. Ẹ wo máàpù. Apá àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl yọ síta sínú òkun, ìlú Natal sì wà ní igun náà. Láti ibẹ̀ sí Dakar ní Senegal kò ju nǹkan bíi kìlómítà 3,000 lọ. Lẹ́yìn tí Faransé ṣubú, ìjọba Faransé tó tẹrí ba fún Jámánì ló ń ṣàkóso Dakar, bó ṣe ń ṣàkóso Dahomey tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nígbà náà. Ẹ̀rù ń ba Amẹ́ríkà pé ọkọ̀ òfurufú Jámánì lè ti Dakar fò wá sí Natal. Àwọn fúnra wọn sì nílò Natal kí wọ́n lè gba ibẹ̀ lọ sí Áfíríkà. Ọkọ̀ òfurufú ìgbà náà kò lè fò jìnnà láìbalẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n wá ń tọ̀ ni pé kí wọ́n ti Amẹ́ríkà sọ̀ kalẹ̀ gba àwọn erékùṣù Caribbean, kí wọ́n balẹ̀ ní Belém, kí wọ́n tún balẹ̀ ní Natal, kí wọ́n wá fò kọjá òkun sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ tiwa, ojú ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti là sílẹ̀ gba Èkó, Kano àti Maiduguri ló ń gbé wọn lọ sí Khartoum àti Cairo, níbi tí ogun ti gbóná. Natal àti Èkó di ibùsọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ó yà mí lẹ́nu pé a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá ń sọ ohun tó so wá pọ̀ mọ́ Bràsíl.

Ilé tó bá wà ní oríta tí ìdílé méjì ti ń jà kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, torí pé àwọn méjèèjì ló fẹ́ dúró síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí Amẹ́ríkà ṣe wá gba iwájú ilẹ̀kùn Bràsíl yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò. Wọn ò gbé ọmọ ogun dé. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú akérò, Pan American, ni wọ́n gbà sí iṣẹ́, òun àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Bràsíl sì ń tún pápákọ̀ òfurufú ṣe káàkiri etíkun àríwá bíi pé nítorí èrò ni. Ní oṣù Keje ọdún 1941, Vargas fọwọ́ sí i. Lórí ìwé, oníṣòwò ló ń ṣe pápá. Nígbà tí Japan wá kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, tí Amẹ́ríkà sì bọ́ sínú ogun, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà díẹ̀ wọ Natal, Recife àti Belém kí oṣù náà tó parí, pẹ̀lú àlàyé pé òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n. Bràsíl ò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Bràsíl ò tíì já àjọṣe pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ta ló ṣì lè sọ pé ohun tó ń fi du apá ọ̀tún ló ń fi du apá òsì?

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1942 ni àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà péjọ sí Rio de Janeiro. Amẹ́ríkà fẹ́ kí gbogbo wọn já àjọṣe pẹ̀lú Jámánì, Ítálì àti Japan lẹ́ẹ̀kan náà. Dutra àti Góis Monteiro kìlọ̀ fún Vargas pé àwọn ọmọ ogun ò ní ohun ìjà tó. Aṣojú Jámánì, Curt Prüfer, kọ lẹ́tà sí Aranha pé bí Bràsíl bá já àjọṣe, bí ogun tó fara pa mọ́ ni Jámánì máa kà á sí, ó sì ṣeé ṣe kó di ogun gidi. Lẹ́tà náà kò fi ohunkóhun pa mọ́. Vargas ní kí Amẹ́ríkà ṣèlérí ohun ìjà fún òun ná. Wọ́n ṣèlérí. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, Aranha kéde ní ìparí ìpàdé pé Bràsíl ti já àjọṣe pẹ̀lú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Argentina àti Chile kò gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé jíjá àjọṣe àti kíkéde ogun, nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó já àjọṣe lé aṣojú ìjọba kejì lọ sílé, ó sì pe tirẹ̀ padà. Kò tíì yìnbọn. Lójú òfin, kò tíì wọ ogun. Ṣùgbọ́n kò sí aṣojú mọ́ láàárín ìjọba méjèèjì tó lè sáré lọ bẹ̀bẹ̀ bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹni kejì ò sì ní ìdí láti máa rọra bá ọ lò mọ́. Èyí tó burú jù ni pé Bràsíl ò dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó fọwọ́ sí àdéhùn ní Washington: ohun ìjà tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là máa wá, rọ́bà àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì máa lọ. Japan ti gba oko rọ́bà ní Éṣíà, Amẹ́ríkà ò sì rí rọ́bà fi ṣe táyà mọ́, àfi kó wò ó sí igbó Amazon. Ẹrù tí ọkọ̀ Bràsíl ń gbé lọ sí New York ti di ẹrù ogun.

Àwọn ará Jámánì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù Kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi wọn ri Buarque nítòsí etíkun Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ri Olinda. Arabutan àti Cairu tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta. Vargas dáhùn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta pẹ̀lú òfin pé kí wọ́n máa gba lára dúkìá àwọn ará Jámánì, Ítálì àti Japan tó wà ní Bràsíl láti fi dí ohun tí wọ́n bàjẹ́. Kí oṣù Keje tó parí, ọkọ̀ Bràsíl tó ti rì lé ní mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ òfurufú ogun Bràsíl, tí ará Bràsíl àti ará Amẹ́ríkà jọ wà nínú rẹ̀, ju àdó olóró sí ọkọ̀ abẹ́ omi Ítálì kan, Barbarigo, tó ti kọlu ọkọ̀ Bràsíl ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹ fiyè sí ọjọ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ṣáájú ìkéde ogun. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ìwé nìkan ni kò tíì jáde.

Kí ló wá dé tí àwọn ará ìlú ò tíì fi dìde? Ọ̀nà jíjìn ni àwọn ọkọ̀ ìṣáájú yẹn ti rì, ọkọ̀ ẹrù ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú wọn sì yè. Oṣù Kẹjọ ló yí gbogbo rẹ̀ padà, ọkọ̀ abẹ́ omi kan ṣoṣo ló sì ṣe é.

Láti lóye ìdí tó fi dun Bràsíl tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé òkun ni títì wọn nígbà náà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tàbí ojú irin tó já geere láti Rio lọ sí Salvador tàbí Recife. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tuntun, bí ìyá àti ọmọ bá ń lọ kí ẹbí, bí ìjọba bá fẹ́ kó sójà láti gúúsù lọ sí àríwá, ọkọ̀ ojú omi tó ń rìn létíkun ni gbogbo wọn ń wọ̀. Irú ọkọ̀ báyìí ni U-507, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ Harro Schacht, wá bá nítòsí ìpínlẹ̀ Sergipe àti Bahia.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1942 ni ó kọ́kọ́ yin tọpídò, àdó olóró tó ń gba inú omi lọ, sí ọkọ̀ Baependy. Èèyàn 306 ló wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn ọmọ ogun tó ń lo ìbọn ńlá wà lára wọn. Tọpídò méjì ló bà á, ọkọ̀ sì rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn ò ráyè sọ ọkọ̀ ìgbàlà kalẹ̀, àfi ọ̀kan ṣoṣo. Èèyàn 270 kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ó ti ri Araraquara pẹ̀lú, nínú èèyàn 142, mọ́kànlá ló yè. Ní òwúrọ̀ kùtù, ó kan Aníbal Benévolo: èèyàn 154 ló wà níbẹ̀, mẹ́rin péré ló jáde láàyè. Ní ọjọ́ 17, U-507 ti sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù Salvador, ó sì rí Itagiba tó ń ti Rio bọ̀. Ó rì í ní ojúmọmọ. Ọkọ̀ ẹrù kan, Arará, yà láti wá yọ àwọn tó wà lójú omi. Ó ń kó wọn lọ́wọ́ ni Schacht yin tọpídò sí òun náà. Àwọn kan wà tí wọ́n yọ nínú omi láti inú ọkọ̀ kìíní, tí wọ́n sì tún bá ọkọ̀ kejì rì.

Èèyàn 36 kú nínú Itagiba, 20 kú nínú Arará. Ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Aragipe ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn tó yè lọ sí ìlú Valença ní Bahia, tí àwọn ará ìlú fi wá aṣọ àti oúnjẹ fún wọn. Ọmọdébìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé àpótí onígi tí wọ́n fi ń kó ẹrù ló bá a léfòó lójú òkun títí wọ́n fi rí i. Omi Bahia yìí náà ni ọkọ̀ ẹrú gbé àwọn èèyàn wa gbà wọ ilẹ̀ náà láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ lọ́dún 1942 jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tó là á já.

Àpapọ̀ òkú láàárín ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 607. Òkun ń gbé òkú wá sí etíkun Sergipe, nítòsí Aracaju, lójoojúmọ́. Àwọn ìwé ìròyìn gbé àwòrán wọn jáde. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, èrò rọ́ sí ìgboro Rio, wọ́n lọ bá Vargas ní ààfin ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló sì wà níwájú. Ogun ni wọ́n ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Salvador, Recife, Porto Alegre àti àwọn ìlú mìíràn. Inú mi kì í dùn bí mo bá dé ibi tó kàn yìí: wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Jámánì àti Ítálì, wọ́n dáná sun òmíràn, bẹ́ẹ̀ àwọn onílé náà ò mọ ohunkóhun nípa U-507, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì bí sí Bràsíl. Ní oṣù Keje ọdún 1943, wọ́n tún fún àwọn ará Japan àti Jámánì ní Santos ní wákàtí 24 kí wọ́n fi etíkun sílẹ̀, kìkì torí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Àhesọ kan wà tí kò tíì kú ní Bràsíl títí di òní, pé Amẹ́ríkà ló ri àwọn ọkọ̀ yẹn kó lè fa Bràsíl sínú ogun. Irọ́ ni. Schacht kọ gbogbo ọkọ̀ tó rì sínú ìwé àkọsílẹ̀ ogun U-507, ìwé náà sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Àhesọ náà rí ẹsẹ̀ dúró nítorí pé àwọn èèyàn ò lóye ohun tí Jámánì ń wá létíkun Bahia. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Natal, rọ́bà àti àdéhùn oṣù Kẹta kò ní wá ìdí mìíràn kiri. Lójú Jámánì, Bràsíl ti wà nínú ogun láti ìgbà náà, ọkọ̀ Bràsíl ò sì yàtọ̀ sí ọkọ̀ Amẹ́ríkà mọ́. Èyí ò wẹ ọwọ́ Schacht mọ́. Ọkọ̀ èrò ló rì, ó sì lu ọkọ̀ tó ń yọ èèyàn nínú omi.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, Vargas pe àwọn mínísítà rẹ̀ jọ, wọ́n sì kéde pé Bràsíl àti Jámánì àti Ítálì ti wọ ogun. Wọn ò dárúkọ Japan. Japan ò ri ọkọ̀ wọn kankan, wọn ò sì kéde ogun lórí rẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ọdún 1945. Láti ìgbà yẹn, Natal kò bo ara mọ́, ó di ọ̀kan lára àwọn pápákọ̀ òfurufú ológun tó kún jù lọ láyé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1943, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ etíkun náà ri U-507, gbogbo èèyàn 54 tó wà nínú rẹ̀ kú.

Ẹni tó rò pé Vargas máa tibẹ̀ dúró ṣìnà. Ó fẹ́ kí wọ́n ka Bràsíl mọ́ àwọn tó ṣẹ́gun, kó lè ní ohùn nígbà tí wọ́n bá ń pín ayé, nítorí náà ó kó sójà lọ sí Yúróòpù. Àwọn èèyàn ò gbà á gbọ́, wọ́n ní ejò á kọ́kọ́ mu tábà kí Bràsíl tó lọ jà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn sójà náà, nǹkan bíi 25,000, bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ ní Naples láti oṣù Keje ọdún 1944, ejò tó ń fi ìkòkò mu tábà ni wọ́n wá rán mọ́ apá aṣọ wọn. Wọ́n gba òkè Monte Castello ní oṣù Kejì ọdún 1945. Èyí tó lé ní 450 nínú wọn kú síbẹ̀. Àwọn mìíràn kú láìrí Yúróòpù rárá: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tí ìjọba kó láti ilẹ̀ ọ̀dá ní àríwá ìlà-oòrùn lọ kọ rọ́bà nínú igbó Amazon, tí wọ́n ń pè ní sójà rọ́bà, tí ibà àti ebi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ṣé Bràsíl ì bá lè yẹra? Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè nìyí, mi ò sì rò pé ó ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Sweden àti Switzerland yẹra, ṣùgbọ́n Sweden ń ta irin fún Jámánì, ó sì jẹ́ kí àwọn sójà Jámánì gba ojú irin rẹ̀ kọjá. Portugal ta ohun àlùmọ́ọ́nì fún àwọn méjèèjì, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 1943, ó gbà kí Gẹ̀ẹ́sì lo àwọn erékùṣù Azores. Kò sí èyí tó pa ohun tí wọ́n kọ ní The Hague mọ́ délẹ̀délẹ̀ nínú wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí Bràsíl ni pé apá méjèèjì rí èrè nínú kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Fún Bràsíl, láti ìgbà tí Natal ti wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, Jámánì ò rí èrè kankan nínú àìdásí rẹ̀ mọ́.

Argentina ló gbìyànjú jù nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Kò ní igun ilẹ̀ bíi Natal, ẹran màlúù àti àlìkámà rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ò sì fẹ́ kí Jámánì rí ìdí láti máa ri ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ náà. Amẹ́ríkà fi ojú rẹ̀ rí màbo, kò ta ohun ìjà fún un, ó sì ń kó tirẹ̀ fún Bràsíl. Oṣù Kìíní ọdún 1944 ni Argentina tó já àjọṣe pẹ̀lú Jámánì àti Japan. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé orílẹ̀-èdè tí kò bá kéde ogun kò ní jókòó níbi ìpàdé San Francisco tí wọ́n ti máa dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀, Argentina kéde ogun ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1945, nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Jámánì túúbá.